Omi Orí Àpáta àti Orúnkún Mi

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Odode, ẹ̀yin ọmọ mi, ọmọbìnrin tí kò bá kúnlẹ̀ kí àgbà, ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń bú. Èmi tí ẹ ń wò yìí, ó pẹ́ díẹ̀ tí mo fi ń kí ènìyàn ní ìnàró bí ọlọ́pàá.

Orí igi ọsàn ni mo ti já bọ́ lóko bàbá mi, lọ́nà Aládé. Ẹsẹ̀ mi kán. Àwọn tó ń to eegun tò ó, ó sì jinná, Ọlọ́run á san án fún wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tú igi tí wọ́n fi dì í, orúnkún mi ti gan pa. Mo ń rìn, mo ń tiro, àmọ́ kò ṣe é ká. Àwọn tó mọ̀ wá á káàánú mi. Àwọn tí kò mọ̀ wá á béèrè bóyá kò sí ẹ̀kọ́ nílé wa ni, ọ̀rọ̀ yẹn sì máa ń dun ìyá mi dé eegun.

Aládùúrà ni wá. Ìyá mi gbà pé omi tí yóò woni sàn gbọ́dọ̀ jẹ́ omi tó ń ṣàn, tí wọ́n pọn kí ẹnikẹ́ni tó débẹ̀. Ní kùtùkùtù, wọn á pọn ọ́n wá, wọn á gbàdúrà sí i, wọn á dà á lé mi lórúnkún. Ẹ̀yin tó mọ bí omi abẹ́ òkè ṣe ń tutù láàárọ̀, ẹ bá mi gbọ̀n! Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n ṣe ni orúnkún náà túbọ̀ ń gan.

Lẹ́yìn ilé wa, àpáta pẹrẹsẹ kan wà tí a ń sá kòkó sí. Kòtò kan wà lára rẹ̀ tí omi òjò ń dúró sí, ibẹ̀ la ti ń rẹ aṣọ oko. Èmi tí mi ò lè lọ sóko ni wọ́n fi síbẹ̀ kí n máa lé ewúrẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ti ẹsẹ̀ bọ omi náà. Oòrùn ti mú kó lọ́ wọ́ọ́wọ́. Ó ṣe díẹ̀, orúnkún mi rọ̀, ó sì mì.

Ibẹ̀ ni ìyá mi bá mi. "Omi aṣọ oko! Omi tó dúró sójú kan! Ṣé o fẹ́ kó àrùn mọ́ ọn ni?" Wọ́n fà mí jáde.

Ìyá Mùsùlùmí kan tó ń ta aṣọ, tí wọ́n ń gbé ilé kejì, gbọ́ ariwo náà. Wọ́n ní nígbà tí apá ọkọ wọn gan, omi gbígbóná ni wọ́n ní kó máa ti apá bọ̀ ní ọsibítù, kó máa ká a, kó máa nà án. "Ẹ da omi ìdọ̀tí yẹn nù, kí ẹ pọn tuntun sí i. Omi ò lọ́tàá."

Ìyá mi ò gbà. Wọ́n lọ bá wòlíì wa. Wòlíì rẹ́rìn-ín: "Ìyá, Ọlọ́run tó ni èyí tó ń ṣàn náà ló ni èyí tó dúró. Ẹ ṣáà fọ kòtò náà mọ́."

Láti ọjọ́ náà, ìyá mi á fi kànìnkànìn fọ kòtò, wọn á pọn omi sí i láàárọ̀, oòrùn á sì ṣe ìyókù. Lọ́sàn-án, ìyá aláṣọ á da iyọ̀ díẹ̀ sí i, wọn á di ọrùn ẹsẹ̀ mi mú. "Ká a, ọmọ mi. Díẹ̀ sí i." Bí mo bá sunkún, wọn á dúró dè mí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá mi ń bọ̀ láti oko, agbọ̀n kòkó wà lórí wọn. Èmi àti ìyá aláṣọ ṣì wà lórí àpáta. Mo kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì. "Ẹ kú àbọ̀, mà."

Wọ́n gbàgbé pé ẹrù wà lórí wọn, kòkó sì fọ́n ká sórí àpáta. Kò sẹ́ni tó ṣà á. Ìyá mi kúnlẹ̀ síwájú ìyá aláṣọ, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń dúpẹ́.

Ayé ti yí padà. Ọmọ mi mú mi lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Àkúrẹ́, níbi tí wọ́n ti ń rẹ èèyàn sínú omi gbígbóná oníyọ̀. Wọ́n ní ìtọ́jú tuntun ni fún oríkèé ara. Mo gbádùn rẹ̀, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín sínú. Wọ́n ti fọ́ àpáta wa fi kọ́lé. Àwọn ọmọ ìwòyí ń juwọ́ sí mi láti ẹnu ọ̀nà, "Gúdù mọ́níìn, Gránmà," mi ò sì bá wọn jà.

Ìyá aláṣọ ti lọ, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn. Ìyá mi ṣì wà ní Odode. Bí mo bá ti dé, wọn á kígbe pé kí n má kúnlẹ̀ mọ́, orúnkún mi náà ti dàgbà.

"Mo ti gbọ́, Màmá," ni màá wí. Orí ìkúnlẹ̀ ni màá sì ti wí i.