Pínnì Gunvor

Yìnyín orí adágún Siljan ni ohùn àkọ́kọ́ tí Gunvor Ekdal rántí. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni, bàbá rẹ̀ gbé e sí èjìká, yìnyín sì ń dún lábẹ́ wọn, ohùn tín-ín-rín kan tó ń lọ títí dé òdìkejì omi bí ohùn ẹni tó ń kọrin lójú oorun. "Kò ní í fọ́," ni bàbá rẹ̀ wí. "Ó kàn ń nara ni."

Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń rán kóòtù onírù, tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn sílẹ̀, àti ṣòkòtò rẹ̀ ní Stockholm fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń wá gba ẹ̀bùn ńlá lóṣù Kejìlá. A kì í pe ẹnikẹ́ni ní "ẹ̀yin" ní Stockholm níbí, Gunvor náà kò sì pe ọ̀jọ̀gbọ́n kankan bẹ́ẹ̀ rí. Yóò ní kí onítọ̀hún dúró lórí àpótí, yóò fi pínnì há ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ yíká, yóò jókòó sílẹ̀, yóò ní, "Má mira. Kí lo rí?" Àfi tó bá yé e, òun tó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá, kí onítọ̀hún tó sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí. Báyìí ló ṣe gbọ́ nípa ìràwọ̀ méjì tó kọlu ara wọn.

Láti bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ohùn ti ń sá fún un. Ti ẹyẹ ló kọ́kọ́ lọ, ti ọmọdé tẹ̀ lé e. Kò sọ fún ẹnì kankan. Ìgbà tó wá kà á nínú ìwé ìròyìn pé iṣẹ́ lórí etí ni ọ̀jọ̀gbọ́n kan, Tapani Rautio, tìtorí rẹ̀ máa gba ẹ̀bùn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀sẹ̀ tó kù kó dé.

Òjò dídì ń bọ́ jẹ́jẹ́ lójú fèrèsé lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà dé.

"Ẹ̀yìn rẹ ti tẹ̀," ni Gunvor wí. "Kí lò ń bẹ̀rẹ̀ wò?"

"Etí adìyẹ."

Gunvor há pínnì tán. "Má mira. Kí lo rí?"

Rautio dorí kodò, ó ń ṣàlàyé. Bí ọ̀rọ̀ abẹ́ omi ló ń dé ọ̀dọ̀ Gunvor.

"Gbójú sókè, kí n rí ẹnu rẹ."

Ọkùnrin náà gbójú sókè, ó wò ó. Ó wá ń sọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Irun kéékèèké wà nínú etí, àwọn ló ń gba ohùn. Tí wọ́n bá kú, ti adìyẹ a tún hù. Tiwa kì í hù."

"O ò lè mú un hù?"

"Rárá. Bóyá ẹnì kan á lè ṣe é lẹ́yìn wa. Ǹ bá parọ́ fún ọ, àmọ́ pínnì wà lẹ́sẹ̀ mi."

Gunvor rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Adìyẹ wá sàn jù mí lọ nìyẹn."

"Lórí èyí nìkan. Ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ wà lọ́sibítù, Gunvor. Kí lò ń dúró dè?"

"Ìwọ ni."

Gunvor dìde nílẹ̀. "Màá lọ lọ́jọ́ Ajé," ni obìnrin náà wí, ó sì na ọwọ́ sí i kó lè sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí Rautio lọ tán, Gunvor tanná, ó ki òwú dúdú bọ abẹ́rẹ́. Ó rán ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó rán ti òsì, ó ń yọ pínnì bó ṣe ń lọ. Ó fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣòkòtò náà, ó sì fi kọ́.