Ìdákẹ́jẹ́ Tí Wọ́n Gé Kúrò

Àbúrò mi kú sí ilé ìwòsàn ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Iléeṣẹ́ tí ó ń bá ṣiṣẹ́ ní ó mutí yó ni ó fi já bọ́ láti orí òrùlé. Kò fẹnu kan ọtí rí. Wọ́n ní iṣẹ́ ti parí, ó kàn gun òkè lọ wo ìlú ni. Kámẹ́rà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní olóríkunkun ni, kì í gbọ́ràn. Ìgbọràn ni ó pa á.

Fídíò orin ni ó ń ṣe. Dákẹ́ná ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí kì í jẹ́ kí orin bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé àwòrán kọ́kọ́ rìn díẹ̀ láìsí ohùn kankan. Nínú ọ̀kan, ìyá wa ni ó ń nu àwo. Ó nu ún tán, ó gbé e síwájú àga tí bàbá wa kò jókòó lé mọ́. Ìgbà náà ni akọrin tó lanu. Mo bi í pé kí ni àwo kàn nínú orin ìfẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́rọ̀, ṣé kò ní kọ́kọ́ dákẹ́ ni?"

"Abájọ tí ọ̀rọ̀ fi wọ́n lẹ́nu rẹ."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ni mo fi jọ?"

Ọ̀gá iléeṣẹ́ rẹ̀ a máa sọ pé ọjà ni fídíò. N kò jiyàn. Akọrin gbọ́dọ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ta aṣọ, ṣé ó di dandan kí ó sin ahunṣọ mọ́ ọn?

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lọ́jọ́ tí ó já bọ́. Ọ̀gá ní kí ó padà sórí òrùlé, nítorí ìgò ohun mímu tí wọ́n ń polówó kò hàn tó nínú àwòrán. Ẹni tí ń bá wọn gbé iná àwòrán ni ó sọ fún mi, òun ni ó kọ́kọ́ kìlọ̀.

"Ọ̀gá, páànù ṣì tutù o."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ gùn ún ni? Oòrùn ń lọ."

Àbúrò mi ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ bá mi di àkàbà mú."

Mo bèèrè okùn tí ó yẹ kí wọ́n so mọ́ ọn. Wọ́n ní yóò hàn nínú àwòrán. Ẹni tí ó gbé kámẹ́rà dání, ta ní ń ya òun?

Níbi ìdágbére fún un, iléeṣẹ́ fi fídíò ìyá wa hàn láti fi yẹ́ ẹ sí. Ìyá wa jókòó níwájú, ó gbójú sókè láti wo ara rẹ̀. Ìgò yẹn ni ó rí níbi tí àwo yẹ kí ó wà, tí ń yí. Orin bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní ìparí, orúkọ onídìrí kọjá, ti awakọ̀ kọjá. Ti àbúrò mi kò sí níbẹ̀.

"Wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ni?"

"Wọ́n ti parí, Màmá."

Ọ̀gá ní kí a má bínú, pé àwọn ènìyàn kì í ní sùúrù fún ìdákẹ́jẹ́. Òkú nìkan ni ó ní in.

Kí ẹni tí ó rán an padà sórí páànù tútù jáde, kí ó dáhùn níwájú òfin. Kí wọ́n dá orúkọ àbúrò mi padà sórí iṣẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n dá àwo ìyá wa padà. Kí wọ́n yọ àwòrán ìgò tí ó tìtorí rẹ̀ kú kúrò níta. Mo rí i ní òpópónà lánàá, ó ń dán.

Wọ́n ń bèèrè ìdí tí n kò fi sunkún. N kò ní sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn. Àbúrò mi bá mi sọ̀rọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì kí ó tó lọ. N kò ní sọ ìyẹn náà fún ẹnikẹ́ni. Wọn yóò gé e.