Ọjọ́ Tí Mi Ò Dá Ọkọ Mi Lóhùn

Mi ò mutí, mi ò sì ní parọ́ mọ́ òkú. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rín in tán kó tó jókòó tì mí. Ojú mi yìí ló rí i, lọ́sàn-án gangan.

Òyìnbó ló ń ṣèjọba nígbà náà, ọkọ̀ Ajẹ́lẹ̀ ṣì máa ń gúnlẹ̀ sí Igbókòdá. Òkun gbé ọkọ mi lọ níbi tó ti ń dẹ àwọ̀n. Oṣù mẹ́ta, a ò rí òkú rẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, opó tí kò rí òkú sin, ọkàn rẹ̀ kì í jókòó.

Ni mo bá tẹ̀ lé ìjọ wa lọ sí ilẹ̀ àdúrà. Ìrìn ọjọ́ mẹ́ta ni, létí òkun, láìwọ bàtà. Wòlíì wa ṣòfin: láti ìdájí títí oòrùn á fi wọ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀, ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ dà nù. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni tèmi: kí òkun dá òkú ọkọ mi padà, kí n sin ín.

Lọ́jọ́ kejì, ẹsẹ̀ ń ta mí, mo wá di ẹni ìkẹyìn. Mo rí i pé ẹnìkan ń bá mi rìn. Mo yíjú.

Ọkọ mi ni. Ẹ̀wù tí mo fọwọ́ ara mi rán ló wọ̀, omi ń kán lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí iyanrìn. Orí mi wú. Síbẹ̀, kí n má purọ́, inú mi dùn.

Lọ́dọ̀ wa, tí kùrukùru bá bo òkun, ìyàwó á dúró létí omi, á máa pe ọkọ rẹ̀ kó lè mọ ibi tó máa gúnlẹ̀ sí.

Ó rọra sọ pé, “Pè mí, Ìyá Mojí. Mi ò mọ̀nà ilé.”

Mo fọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀la la máa dé, tí mo bá sọ̀rọ̀, ẹ̀bẹ̀ mi ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo kàn ń sunkún. Ó bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wò mí bí ẹni tí ìyàwó kọ̀ sílẹ̀, ó sì yà sínú omi.

Nígbà tí oòrùn wọ̀, obìnrin tó ń rìn níwájú mi sún mọ́ mi. Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: “Ta lọkùnrin tó ń bẹ̀ ọ́ yẹn?”

Mo parí ìrìn náà, mo gbàdúrà. Títí dòní, òkun ò dá nǹkan kan padà. Mo ti pè é títí ohùn mi fi há.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ, ẹ gbààwẹ̀, ẹ bọ́ bàtà. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ohùn yín jẹ́ ẹ̀jẹ́. Ẹni tí ẹ tìtorí ẹ̀ ń rìn lè jẹ́ ẹni tó ń bẹ̀ yín.