Bí Ẹnì Kan Bá Jábọ́, Ká Jọ Jábọ́

Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, lárọ̀ọ́ ọjọ́ Sátidé, nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan tí kò jìnnà sílé wa ní Festac, nígbà tí mo mọ̀ dájú pé bàbá mi kò gbọ́ ohùn ara wọn dáadáa mọ́. A ń sin bàbá àgbàlagbà kan tí àwọn àti Dádì jọ ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Pósí wà níwájú wa. Èmi àti Dádì nìkan la dúró, à ń kọ ẹsẹ kìíní orin ìdágbére láìsí ohun èlò kankan, bí a ṣe máa ń kọ ọ́ láti kékeré mi. Àdéhùn wa pẹ̀lú atẹdùùrù ni pé kí dùùrù wọlé ní ẹsẹ kejì, kí gbogbo ìjọ lè bá wa gbè é. Dùùrù wọlé lóòótọ́. Àmọ́ ohùn wa ti lọ sílẹ̀; ibi tí dùùrù wà àti ibi tí àwa wà jìnnà síra bí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí ilẹ̀.

Ẹnì kan wúkọ́. Ọmọdé kan bú sẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ sì yára fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Opó olóògbé gbójú sókè, wọ́n ń wò wá bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tó ṣubú sí gọ́tà. Dádì kò dúró. Wọ́n dijú, wọ́n ń gbádùn orin wọn lọ, èmi náà sì ń bá wọn lọ nísàlẹ̀ níbẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ìtìjú ló ń ṣe mí, àbí àánú, àbí ìbẹ̀rù. Mo rò pé gbogbo rẹ̀ ni.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé irú iṣẹ́ tí à ń ṣe, kó má baà dà bíi pé orí mi kò pé.

Mẹ́rin ni wá tẹ́lẹ̀. Ohùn Kan ni wọ́n ń pè wá, láti Festac títí dé Ijegun-Egba. Mọ́mì ló ń gbé ohùn òkè, ìyẹn orin gan-an tí gbogbo èèyàn mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi Tólú ń kọ tẹ́nọ̀, Dádì ń kọ báàsì nísàlẹ̀ pátápátá, èmi sì ni áàtò láàárín. Áàtò ni ohùn tí ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ àfi lọ́jọ́ tí kò bá sí níbẹ̀. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀, torí ojú máa ń tì mí. Ìgbéyàwó, ìkórè, ìsìnkú, kò síbi tí a kì í lọ. Nígbà tí mo jáde yunifásítì, tí mo ṣe agùnbánirọ̀ tán, tí gbogbo ìwé ìwáṣẹ́ tí mo fi ránṣẹ́ kò mú èsì kankan bọ̀, orin yìí náà ló di iṣẹ́ mi.

Dádì kò gba dùùrù láyè nínú ilé wa.

"Dùùrù kì í mí," wọ́n á ní. "Èèyàn ló ń mí. Ẹni tí kò bá bá ẹ mí, kò lè bá ẹ kọrin."

Àwọn ló máa ń fún wa ní ohùn. Wọ́n á gbé ìkúùkù lé àyà, wọ́n á kùn "dò" sínú, kálukú wa á sì mú tirẹ̀ látinú ẹ̀. Ká tó la ẹnu, a ti jọ mí.

Gbogbo ẹni tó bá ń kọrin láìsí ohun èlò ló mọ̀ pé ohùn máa ń yọ́ lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó lè jẹ́ àárẹ̀, ó lè jẹ́ ooru. Lọ́dọ̀ tiwa, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ẹnì kan dá dúró lókè nígbà tí ẹlòmíràn ti lọ sílẹ̀. Òfin Dádì ni pé, "Bí ẹnì kan bá jábọ́, ká jọ jábọ́. Ará ìta kò ní mọ̀."

Ará ìta kì í sì í mọ̀. Níbi ìgbéyàwó kan ní Ijegun-Egba, ọ̀fìnkìn ń yọ Mọ́mì lẹ́nu, ohùn wọn sì ń rọ̀ lọ sílẹ̀ ṣáá. A tẹ̀ lé wọn, a ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ sínú àjà ilẹ̀, títí Dádì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá kò fi ríbi tẹ ẹsẹ̀ lé mọ́. Wọ́n ṣáà ń la ẹnu. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún wa gan-an ni. Bí a ṣe jókòó, Mọ́mì ní, "Dádì Tólú, ṣé ẹ̀yin náà kọrin lónìí?"

"Ẹnu ni mo ń là, Mọ́mì Tólú. Ibi tẹ́ ẹ gbé orin yẹn dé, kò sáfẹ́fẹ́ níbẹ̀."

A rẹ́rìn-ín títí dé ilé.

Tólú gba Kánádà lọ. Lẹ́yìn náà ni Mọ́mì ṣàìsàn, wọ́n sì kú lọ́dún tó kọjá. Mo rò pé Dádì á pa orin tì, wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Báàsì àti áàtò nìkan ló kù, ìyẹn ìpìlẹ̀ ilé àti férémù ilẹ̀kùn, láìsí ògiri, láìsí òrùlé.

"Dádì, ẹ jẹ́ kí n gbé ohùn Mọ́mì, kí wọ́n lè mọ orin tí à ń kọ."

"Ohùn Mọ́mì ẹ kò ṣófo. Dúró sáàyè ẹ."

Ohun tó sì máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn tó jókòó á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn òkè kún un fúnra wọn, jẹ́jẹ́, nítorí wọ́n mọ orin náà. Dádì á dijú. Mo mọ ẹni tí wọ́n ń gbọ́.

Lọ́jọ́ ìsìnkú yẹn, bí ìsìn ṣe parí, Bọ̀dá Kúnlé tó ń tẹ dùùrù fà mí lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

"Àbúrò, ṣé o gbọ́ nígbà tí Dádì ẹ ń lọ sílẹ̀?"

"Mo gbọ́, sà."

"O wá ń tẹ̀ lé wọn?"

"Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn, sà."

"Háà! Bí Dádì bá kó sí kànga, ìwọ náà á kó sí i?"

Mo kí wọn, mo lọ bá Dádì. Lójú ọ̀nà ilé, Dádì ní, "Kí Kúnlé wá ẹni tún dùùrù yẹn ṣe o. Ó ti bàjẹ́ pátápátá."

Ó gbà mí ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí n tó lè sọ ọ́. "Dádì, ẹ jẹ́ ká lọ fi etí han dókítà."

"Etí ta ni?"

"Etí yín, sà."

"Ìwọ ni kó o lọ fi ẹnu ẹ han dókítà. O ti ń sọ̀rọ̀ sínú jù."

Láàárín ìgbà yẹn, ilé ẹ̀kọ́ kan lọ́nà Trade Fair ń wá olùkọ́ orin. Mo lọ. Wọ́n ní kí n kọ orin èyíkéyìí tó bá wù mí. Mo dúró. Àwọn náà dúró, wọ́n ń wò mí. Mi ò mọ ohun tí mò ń dúró dè, àfi ìgbà tí mo gbọ́ ohùn ara mi tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní dò." Wọ́n wo ara wọn. Wọn kò pè mí mọ́. Mo sunkún dé Mile 2, torí ó yé mi lọ́jọ́ yẹn pé bí èèyàn ṣe ń tẹ̀ lé èèyàn ni mo kọ́, kì í ṣe orin.

Mo sọ ọ́ fún Tólú lórí fóònù. Ó ní, "Ìbùkún, ìwọ di ohùn tìẹ mú. Ó yẹ kí ẹnì kan dúró."

"Ìwọ dúró?"

"Mi ò kọrin mọ́ níbí," ló sọ. "Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀."

Ní báyìí, ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni ìrántí ọdún kan Mọ́mì, nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn kan náà. Dádì ti mú orin tí Mọ́mì fẹ́ràn jù. Wọ́n tún ti ránṣẹ́ sí Bọ̀dá Kúnlé pé kí dùùrù wọlé ní ẹsẹ kejì, kí gbogbo èèyàn lè rí i pé dùùrù ló bàjẹ́. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ là ń dánra wò nínú pálọ̀. Dádì sì ti ń ṣe ohun kan tí wọn kò ṣe rí: wọ́n á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé mi lẹ́yìn, láàárín èjìká méjèèjì. Mo rò pé ìfẹ́ ni. Inú mi dùn, torí Dádì kì í fọwọ́ kan èèyàn. Lọ́jọ́ Túsìdeè, jẹnẹrétọ̀ àdúgbò ń pariwo, èmi sì dákẹ́ díẹ̀ láàárín orin. Ọwọ́ Dádì tẹ ẹ̀yìn mi gírígírí, bí ọwọ́ ẹni tó ń táràrà ògiri nínú òkùnkùn.

"Má dákẹ́," wọ́n ní. "Ibẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ẹ."

Wọ́n gbójú kúrò. Èmi náà gbójú kúrò. A tún un bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Wọ́n ti mọ̀ pé etí àwọn ló bàjẹ́, nígbà náà. Bóyá wọ́n ti mọ̀ tipẹ́. Síbẹ̀ wọn kò yí àdéhùn ẹsẹ kejì pẹ̀lú atẹdùùrù padà, èmi kò sì lè bi wọ́n.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá di ohùn mi mú, tí Dádì kò sì bá mi dúró, gbogbo ìjọ ló máa gbọ́ ẹni tó jábọ́, lọ́jọ́ ìrántí aya wọn, ọmọ wọn ló sì máa tú wọn síta. Bí mo bá tún bá wọn lọ sílẹ̀, ohùn Mọ́mì á wọlé lókè láti ẹnu àwọn ará ìjọ, kò sì ní bá ẹnì kankan nínú wa níbẹ̀. Nínú gbogbo ọdún tí a fi kọrin, a kò dán an wò rí bóyá ẹni tó ti jábọ́ lè gòkè padà, bí ẹnì kan bá dúró dè é, tí ọwọ́ ẹni tó jábọ́ sì wà lẹ́yìn ẹni tó dúró. Ṣé kí n dúró?