Èṣùgbàyí Agégẹdú àti Ẹni Tó Ti Ẹ̀wọ̀n Dé

Bí ẹ bá gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn rélùwéè Ọ̀fà lọ́dún 1958, Èṣùgbàyí agégẹdú ló ń fi ẹnìkan ṣe yẹ̀yẹ́. Ìdílé olórìṣà ni wọ́n bí i sí. Mùsùlùmí lèmi, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi ni.

Ọdún yẹn ni Lukman ti ẹ̀wọ̀n dé. Ó ti fipá bá obìnrin kan lòpọ̀ ní Ìjàgbó, ìyẹn ni wọ́n fi jù ú sẹ́wọ̀n. Àwọn àgbà agboolé rẹ̀ ní bí kò bá rí ẹni dúró fún un, kó fi ìlú sílẹ̀. Safiyat ìyá rẹ̀ bẹ gbogbo wa. Alfa mọ́ṣáláṣí wa gbàdúrà, èmi náà ṣe àmín, kò sẹ́ni tó dúró.

Èṣùgbàyí ní, "Kó wá bá mi fa ayùn."

Òun wà lókè igi, Lukman wà nínú kòtò nísàlẹ̀, tí lẹ́búlẹ́bú igi ń já lé e lójú. Ẹni méjì ló ń fa ayùn náà. Bí ọ̀kan bá dáwọ́ dúró, èkejì ò rí nǹkan kan ṣe.

"Kí lo ṣe?" ni Èṣùgbàyí bi í.

"Iṣẹ́ èṣù ni, bàbá."

Ayùn dúró.

"Èyí tí ìyá mi ń bọ? Ilé wa ló wà lọ́jọ́ náà, ó ń jẹ epo."

Àwa tá a jókòó rẹ́rìn-ín. Lukman ò rẹ́rìn-ín.

"Obìnrin náà ló ń wò mí."

Ayùn tún dúró. "Ojú tí Ọlọ́run fún un ló fi wò. Sọ ohun tí ọwọ́ tìẹ ṣe."

Báyìí ni òjò kọjá, tí ẹ̀ẹ̀rùn dé. Pákó tí wọ́n là ò pọ̀, àmọ́ Lukman ti ń sọ ohun tí ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Èṣùgbàyí ò lé e rí; abọ́ kan náà ni wọ́n fi ń jẹun. Ìgbà tí Lukman ní òun fẹ́ lọ bẹ obìnrin náà nìkan ló jágbe mọ́ ọn: "Ṣé ó ránṣẹ́ pè ọ́? Má lọ fi ẹ̀bẹ̀ dẹ́rù bà á lẹ́ẹ̀kejì!"

Nígbà tí àwọn àgbà agboolé pé láti pinnu bóyá kí Lukman dúró, àánú ṣe Alfa wa. "Lukman, ọmọ mi, ṣebí o ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é?"

Safiyat ń mi orí sí i pé kó ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, Alfa. Ó ní rárá, mo gbọ́. Èmi ni mo ṣe é."

Olórí agboolé yíjú: "Èṣùgbàyí, irú ẹni báyìí lo fẹ́ dúró fún?"

"Òun gan-an ni, bàbá. Bó bá ní kì í ṣe òun ló ṣe é, ta ni ǹ bá máa ṣọ́?"

Wọ́n ní kí Lukman dúró nílùú, kó má tẹ ọ̀nà Ìjàgbó mọ́, kó má sì dá rìn lọ sọ́jà.

Èmi àti Alfa jọ ń lọ sí mọ́ṣáláṣí. Mo fẹ́ béèrè ẹni tí Ọlọ́run lò láti fi dáhùn àdúrà wa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu ni.

"Má bi mí," ni Alfa wí. "Jẹ́ ká lọ kírun."