Àmì Ohùn Tí Ọ̀rẹ́ Mi Ò Rí

Òórùn ẹja yíyan máa ń pàdé èèyàn lójú ọ̀nà kó tó dé ilé ọ̀rẹ́ mi ní Ẹ̀pẹ́. Ìyá rẹ̀ ló ń yan án lẹ́yìnkùlé, èéfín á sì máa gba ojú fèrèsé wọ yàrá tí a gbé kọ̀ǹpútà sí. Ìkòròdú ni mò ń gbé nígbà yẹn. Láàárín ọ̀sẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ni mò ń wọ̀ ní Ìpakodò lọ síbi iṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó, níbi tí mo ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún ilé iṣẹ́ tó ń ta oògùn. Ṣùgbọ́n tó bá di Sátidé, màá gba ọ̀nà Ìmọ̀tà lọ sí Ẹ̀pẹ́, torí iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni mo kà sí tèmi.

Ikú bàbá ọ̀rẹ́ mi ló bí iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá wọn tẹ ìwé ìsìnkú ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi àmì sí Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà, ni "ọkọ rere" tí ìyá rẹ̀ ní kí wọ́n kọ bá di "oko rere". Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè. Ọ̀rẹ́ mi ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo tún lọ kí i, ó ní, "Jẹ́ ká ṣe ètò tí ẹnikẹ́ni á fi lè tẹ Yorùbá bó ṣe yẹ, tòun tàmì."

Tó o bá ti kọ kóòdù rí, ìyẹn àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, wàá mọ bó ṣe máa ń rí lára tí èyí tó ti ń da èèyàn láàmú bá ṣàdédé ṣiṣẹ́. A máa ń pariwo bí ọmọdé. Àmọ́ nígbà tó yá, mo rí i pé ọ̀rẹ́ mi ti ń gbé ojú sún mọ́ kọ̀ǹpútà jù. Á tẹ "e" níbi tó yẹ kó tẹ "ẹ", kò sì ní rí i. "Èéfín ni," ló wí, ó ń nu ojú. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ láti ẹ̀yìnkùlé.

Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní Èkó ní kì í ṣe èéfín. Ó ní àìsàn kan ni tí kì í dunni, tó kàn ń jí ojú lọ díẹ̀díẹ̀, pé èyí tó ti lọ ò lè padà mọ́. Nígbà tí mo tún dé Ẹ̀pẹ́, ààrò ìyá rẹ̀ ti tutù. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọmọ mi, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé èéfín mi kọ́?"

"Èéfín kọ́, Mà. Àìsàn ni."

"Dókítà ò bá wa gbé ilé yìí," ló fi dá mi lóhùn. Kò dáná ẹja mọ́ láti ọjọ́ náà. Ẹja tútù ló ń tà.

A ò dá iṣẹ́ náà dúró. Màá ka kóòdù sókè, òun á dijú gbọ́, á sì sọ ibi tí mo máa tún ṣe. Ojú tó ṣẹ́ kù lọ tán ká tó parí rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ètò náà ṣiṣẹ́, ó ní kí n tẹ oríkì ìyá òun.

Mo tẹ Àbẹ̀kẹ́.

"Ó jáde?"

"Ó jáde."

"Àmì ńkọ́? Tòkè, tìsàlẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀ ló pé."

Ó na ìka, ó wá ojú kọ̀ǹpútà kàn, ó sì rọra fi ìka náà wọ́ ọ láti òpin kan dé òpin kejì. "Ó kàn ń dán lọ́wọ́ mi ni," ló wí. Ìyá rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yíjú padà, ó sì wọlé lọ.

Àwọn èèyàn díẹ̀ lo ètò náà. Lẹ́yìn náà, kọ̀ǹpútà tuntun dé, ètò wa ò bá a ṣiṣẹ́ mọ́, fóònù sì wá ń ṣe gbogbo ohun tá à ń wá. Ọ̀rẹ́ mi ṣì wà ní Ẹ̀pẹ́. A máa ń sọ̀rọ̀ dáadáa, àmọ́ kì í bi mí léèrè iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, èmi náà kì í dá a sílẹ̀. Mo ti kọ ọ̀pọ̀ ètò látìgbà náà, èyí tó ń gbọ́ bùkátà mi sì wà lára wọn. Mo rò tẹ́lẹ̀ pé èèyàn lè fi iṣẹ́ tó fẹ́ràn sílẹ̀ di ìgbà tọ́wọ́ bá dilẹ̀. Mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ tiwa parí, ó sì dáa. Ẹnì kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kó rí i ni kò rí i.