Ìborùn Màámi Fò

Òórùn kẹrosíìnì gba pápá ọkọ̀ òfurufú Kumasi láàárọ̀ yìí, bí wọ́n ti ń rọ epo sínú ọkọ̀ òfurufú kékeré tí Ràlíà, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, yàwòrán rẹ̀ tó sì kàn. Òórùn yẹn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí a wà lọ́mọdé ní àdúgbò wa, Moshie Zongo, nígbà tó fi kẹrosíìnì nu gúlù kúrò níka.

Bébà tó fi ṣe ìyẹ́ ọkọ̀ òfurufú ìṣeré tó fi ọ̀párun kàn ti ya, ló bá gé ìborùn sílíìkì Màámi.

"Màámi á pa wá!" ni mo wí.

"Tó bá fò, wọn ò ní rántí pa wá."

A sáré dé ẹ̀yìn mọ́sálásí. Bó ṣe ń lọ́ rọ́bà tó ń yí abẹ̀bẹ̀ iwájú ọkọ̀ náà ni Màámi yọ, àjákù ìborùn lọ́wọ́ wọn: "Ràlíà!"

Ràlíà jù ú. Ó kọ́kọ́ rì; ni afẹ́fẹ́ bá gbà á, ó gòkè, ó ré kọjá lórí páànù ilé, oòrùn ń tàn gba inú sílíìkì. "Ɛretu! Ó ń fò!" ni gbogbo ọmọdé ń ké ní èdè Twi àti Yorùbá.

Màámi jókòó sínú yanrìn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú wọn. Mo rò pé eruku ni. Mo ti dàgbà kí n tó gbọ́ pé ìborùn yẹn ni Bàbá rà fún wọn gbẹ̀yìn kí Bàbá tó kú.

"Ṣé o lè ṣe èyí tó máa gbé èmi?" ni Màámi bi í.

Ràlíà ò tiẹ̀ rò ó. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ wọ̀n yín ná."